Mámáléèdì Ọkọ Mi

Ọkọ mi, Silas Ọdúntán, ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀ṣogbo fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí, kò sì purọ́ rí. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní sẹkitéríàtì yóò ti mọ̀ pé ẹni tó bá ní irú àìsàn méjèèjì yìí kì í di ọ̀gá àgbà. Òun náà kò di ọ̀gá àgbà. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri kan, wọ́n sì bá a ya fọ́tò. Aago náà wà ní pálọ̀ wa ní Ìdó-Ọ̀ṣun títí di òní, ó ń sọ àkókò fún ọkùnrin tí kò ní ibi kankan tó ń lọ.

Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Nọ́síràtù ni orúkọ mi, ọmọ mùsùlùmí ni mí, ilé baba mi sì wà láàárín Ọ̀ṣogbo níbẹ̀. Mo ti ń ta búrẹ́dì ní Old Garage láti ìgbà tí àkọ́bí wa, Èyítáyọ̀, ti wà lẹ́yìn mi. Èmi àti òtítọ́ kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n a kì í jọ lọ sọ́jà. Bí oníbàárà bá bi mí pé ṣé tuntun ni búrẹ́dì yìí, mo máa ń fi Ọlọ́run búra pé inú ààrò ló ti jáde. Ọjọ́ tó jáde níbẹ̀ ni wọn kì í bi mí.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ọkọ mi fi jókòó sílé, mo rí màbo. Ó bá mi to ìkòkò bí ẹni ń to fáìlì. Ó kọ ìwé pélébé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò iyọ̀: IYỌ̀. Ó lẹ òmíràn mọ́ ike gààrí: GÀÀRÍ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti ń sebẹ̀, ibi tí gààrí wà kò yé mi rí. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ìrun mi pé kí ó fún ọkùnrin yìí ní iṣẹ́ kan ṣe. Àdúrà mi gbà. Mo wá rí i pé ó yẹ kí n ti sọ irú iṣẹ́ tí mo ní lọ́kàn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Bólúwají pe fóònù láti Ifẹ̀wàrà. Bólúwají ni àbúrò ọkọ mi. Mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, ikun ṣì ń yọ ní imú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó dé, nítorí náà "ọkọ mi" ni mo ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n ní àṣà ni, èmi náà sì gbà. Bólúwají ti lówó díẹ̀ nídìí kòkó, ó sì ti ra jíìpù. Ó ní òun fẹ́ gé igi ọsàn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé ẹbí, kí òun lè rí ibi gbé jíìpù náà sí nígbàkígbà tí òun bá wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń wá lọ́dún.

Ọsàn kíkan ni igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá ọkọ mi ló gbìn wọ́n, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Nígbà ọmọge wọn, wọ́n ṣe iṣẹ́ alásè fún àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó kan ní Iléṣà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se mámáléèdì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n ń fi èèpo ọsàn àti ṣúgà sè ni, ó máa ń dì díẹ̀, wọ́n á sì fi jẹ búrẹ́dì. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń lọ sílé, ẹ̀bùn tí wọ́n fún ìyá ọkọ mi ni ìkòkò kan àti kóró ọsàn kíkan nínú áńkáṣífù. Wọ́n gbin kóró náà sí Ifẹ̀wàrà. Ọdọọdún, bí Kérésì bá ti ń bọ̀, wọ́n á se mámáléèdì, Silas tó jẹ́ àkọ́bí ni yóò sì máa rò ó lórí iná. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, ẹnikẹ́ni kò se é mọ́. Ọsàn náà ń já bọ́ sílẹ̀, ó ń jẹrà síbẹ̀. Ewúrẹ́ Ifẹ̀wàrà tó ń jẹ páálí, tó ń jẹ ọ̀rá omi, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó kọ̀ ọ́.

Ọkọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ Bólúwají tán. Ó ní, "Bólúwají, Yèyé ló gbin ugi yẹn." Ìyá wọn ni wọ́n ń pè ní Yèyé, ugi sì ni Ìjẹ̀ṣà ń pe igi.

Bólúwají ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀. Kí ni à ń fi ṣe? Ẹ sọ nǹkan kan ṣoṣo tí à ń fi ugi yẹn ṣe."

Ọkọ mi ní kí ó fún òun láyè di ìpàdé ẹbí ọjọ́ kejì Kérésì. Ó ní òun yóò se mámáléèdì tí Yèyé ń sè, òun yóò gbé e síwájú ẹbí, kí gbogbo wọn tọ́ ọ wò kí wọ́n tó dájọ́. Bólúwají rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n òun ti bá ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì gé igi sọ̀rọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni yóò dé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn: bí mámáléèdì bá jọ ti ìyá wọn, igi yè, bí kò bá jọ ọ́, igi kú. Ọrùn ẹni tí kò se ẹyin rí láyé rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì dúró lé.

Ó ní òun yóò kọ́kọ́ fi ọsàn ọjà dánra wò. Ó wá bá mi ní Old Garage lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì fi kálàmù sápò. Humairah tó ń ta ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsọ̀ mi. Ọkọ mi ní kí ó fún òun ní ogún. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ta ọsàn nílẹ̀ wa. Bí oníbàárà bá ti là á lẹ́nu báyìí, ọwọ́ ọlọ́sàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò bó èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yíká, yóò gé e lórí, kí o ṣáà máa mu. Humairah lè bó ọsàn kí ó má wò ó. Ó ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ bí epo mọ́tò ṣe wọ́n, ọkọ mi náà sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọgbọ́n àgbà, títí ogún ọsàn fi pá. Ó gbé wọn délé kí ó tó ka ìwé bí wọ́n ṣe ń sè é tó wà nínú fóònù rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, tó wá rí i pé èèpo gan-an ni wọ́n ń lò.

Ó padà wá. Wallahi, ó padà wá. Humairah ti da èèpo sínú àpò lábẹ́ tábìlì, pẹ̀lú ti gbogbo ọsàn tó bó láti àárọ̀, nítorí ó máa ń sá a gbẹ láti fi dáná. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo Old Garage, ó ń ṣa èèpo ọsàn, ó ń nù ún, ó ń kó o sínú ọ̀rá. Ìyá aláta kan fà mí sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá Èyítáyọ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe wọ́n? Ẹ má fi pamọ́, àwa náà ní àlùfáà." Mo ní ẹ̀fọn ló pọ̀ nílé wa, èèpo ọsàn ló fẹ́ fi lé wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn nínú débi pé àwọn méjì bá a ṣà nínú rẹ̀.

Nílé, ó ní òun kò fẹ́ sítóòfù gáàsì, Yèyé kò lo gáàsì. Ó kó igi jọ sí ẹ̀yìnkùlé. A máa ń ki Ìjẹ̀ṣà pé wọn kò rídìí iṣáná, pé ilé lọmọ Ọwá ti ń mú iná roko. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí sí i pé èyí tó wà lọ́dọ̀ mi ti rídìí iṣáná, ó sì jó páálí méjì tán kí igi tó ràn. Ohun tó wá sè lọ́jọ́ náà dúdú bí ọ̀dà. Ó fi sórí búrẹ́dì fún mi. Mo jẹ ẹ́. Mo ní ó ń bọ̀ wá dáa. Ó bi mí pé kí ni kò tó nínú rẹ̀, ó sì mú ìwé àti kálàmù dání láti kọ èsì mi sílẹ̀. N kò lè dá a lóhùn, eyín mi ti lẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tún se é. Kí n má purọ́ níbi tí irọ́ kò ti lérè, èyí tó sè kẹ́yìn dì, ó sì ṣeé jẹ. Ṣùgbọ́n ó kàn ń mi orí ni. Ó ní ọsàn dídùn ni ọsàn ọjà, kò ní adùn ti Yèyé. Mo ní ṣé ọsàn dídùn ni kò wá ní adùn. Ó ní kò lè yé mi.

Nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ sí Ifẹ̀wàrà, ó ká gbogbo ọsàn tó kù lórí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kún àpò kan àbọ̀. Èyítáyọ̀ tó wà ní Kàdúná ń fi fídíò fóònù kọ́ ọ nígbà tí mo wà lọ́jà. Ó ní kí ó gé èèpo wẹ́wẹ́, kí ó rẹ ẹ́ sómi, kí ó kó kóró ọsàn jọ sínú aṣọ funfun, kí ó so ó, kí ó jù ú sínú omi náà, nítorí kóró yẹn ló ń mú un dì. Ọjọ́ méjì ni ọkọ mi fi gé èèpo. Rúlà ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má rò pé mò ń bú u. Ó gbé rúlà onígi tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba kalẹ̀, ó ń wọn èèpo ọsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá gùn jù, yóò tún un gé. Mo jókòó tì í díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó sọ fún mi pé bí òun bá ti gbọ́ òórùn èèpo yìí lọ́wọ́ òun, ó ń ṣe òun bíi pé Yèyé wà nínú yàrá. Mo bojú wo ibòmíràn, mo ní kí ó ṣọ́ra kí ọ̀bẹ má gé e.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, kí n tó lọ sọ́jà, mo wọ ilé ìdáná. Mo rí agbada ńlá mi tí èèpo ọsàn kún inú rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ omi náà, mo tọ́ ọ wò. Ó korò ju ewúro lọ. Mo wo yàrá ibi tí ọkọ mi sùn sí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo ní kò sí ẹni tó kọ́ ọkùnrin yìí pé nǹkan tó bá korò, a kì í sè é bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ lọ dójú ti ara rẹ̀ lójú ẹbí. Ní ilé ìyá mi, àwa la mọ ewúro gbo ní gbogbo àdúgbò. Mo ká apá aṣọ mi sókè. Mo da omi náà nù. Mo bu iyọ̀ sí èèpo yẹn, mo gbo ó, mo ṣàn án, mo tún gbo ó. Ìgbà méje ni mo ṣe é, ó ń hó bí ọṣẹ, títí tó fi di pé kò korò mọ́ rárá. Ní ti aṣọ funfun tó so nǹkan sínú, tó rí bìkíbìkí bí oògùn nísàlẹ̀ omi, kò dá mi lójú pé mùsùlùmí lè máa wo irú rẹ̀ pẹ́. Mo sọ ọ́ sórí ààtàn. Mo bu omi tuntun sórí èèpo náà, mo sì lọ sọ́jà pẹ̀lú inú dídùn ẹni tó ṣe ìyàwó rere.

Nígbà tí mo fi máa dé lọ́sàn-án, ó ti ń rò ó lórí iná láti aago mẹ́sàn-án. Ó da díẹ̀ sórí àwo tútù, ó tẹ àwo náà síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ń wò ó bóyá yóò dì. Kò dì. Ó ń ṣàn lọ bí omi ẹ̀kọ́ gbígbóná. Ó tún fi ṣúgà sí i, ó tún dáná sí i. Kò dì. Ojú rẹ̀ pọ́n nítorí èéfín. Ó bi mí pé, "Ìyá Èyítáyọ̀, mo fi aṣọ funfun kan so kóró sínú omi yìí. O rí i?"

Mo ní, "Mo bá yín dà á nù. Mo sì bá yín fọ kíkorò rẹ̀ kúrò. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ ó rí i pé kò korò mọ́."

Ó jókòó sórí àpótí. N kò rí i kí ó jókòó bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní aago. Kò pariwo. Ó ní, "Nọ́sírà, kíkorò yẹn ni mò ń wá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo sọ pé ẹ jẹ́ ká tún òmíràn sè. Ó ní ọsàn ti tán, kò sí ẹyọ kan lórí igi mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ìpàdé ku ọjọ́ méjì. A rọ ohun tó wà ńlẹ̀ sínú ìgò oyin mẹ́fà. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, èèpo wẹ́wẹ́ sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, a dé Ifẹ̀wàrà. Gbogbo ẹbí ti jókòó sí gbàgede. Bólúwají gbé jíìpù rẹ̀ sí ojú títì, ó sì ń ráhùn léraléra pé oòrùn ń pa á. Màmá Àpìkẹ́ wà níbẹ̀, àbúrò ìyá ọkọ mi tó kù láyé, tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn nítorí ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n. Ọkọ mi dìde, ó gbé ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kalẹ̀, ó gbé búrẹ́dì mi tì í, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka mẹ́mò, pé èyí ni ohun tí Yèyé ń fi ọsàn wọ̀nyí ṣe. Wọ́n fi ṣíbí bù ú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan búrẹ́dì.

Màmá Àpìkẹ́ gbé ìgò tiwọn sókè síbi oòrùn, wọ́n wo èèpo tó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Silas, kí ló ń wò?"

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnìkan bá fi èèpo tàbí egbò se nǹkan, tó pupa, tó sì rọ ọ́ sínú ìgò, a kì í bi í bóyá ó dùn. Àìsàn tó ń wò la máa ń béèrè. Ohun tó tilẹ̀ rú wọn lójú ni ṣúgà inú rẹ̀, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, kò sì sí ẹni tó rí àgbo tó ń dá àìsàn sílẹ̀ bó ti ń wo òmíràn rí.

Ọkọ mi ní, "Màmá, kò wo nǹkankan. Búrẹ́dì la fi ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà jẹ ẹ́ rí lọ́wọ́ Yèyé."

Wọ́n ní, "Ti ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣàn báyìí, ọmọ mi. Ó sì máa ń korò díẹ̀ lẹ́nu."

Ọkọ mi lè sọ pé ìyàwó òun ló fọ̀ ọ́ nù, kò sọ ọ́. Bólúwají yọ fóònù lápò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n pe onígi kí ó máa bọ̀." Mo wo ojú ọkọ mi. Ó ń wo igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta látòkè délẹ̀, bí ẹni tó ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ìfẹ́ rẹ̀ gbé mi lọ́kàn lójijì, pẹ̀lú gbogbo ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ike gààrí mi. Ẹnu mi sì là.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Ojú ló ń tì í. Kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní oníṣègùn, alákọ̀wé ṣáà ni. Làkúrègbé ló ń wò. Òun ló lò tí orúnkún rẹ̀ fi dá."

Bólúwají, tí ara rẹ̀ ti wúwo ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, gbé ọwọ́ lé orúnkún kí ó tó mọ̀ pé òun gbé e síbẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ṣé òun náà kò rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe dìde láìdi nǹkan mú ni. Màmá Àpìkẹ́ ní bí èso rẹ̀ bá lágbára tó báyìí, kí la wá fẹ́ sọ nípa egbò rẹ̀ àti èèpo ara igi náà. Ẹni tó bá sì ti ta búrẹ́dì tán kì í gbàgbé láti bi oníbàárà bóyá kò ní mú bọ́tà. Mo ní, "Hà, Màmá, ibẹ̀ gan-an ni agbára ẹ̀ wà."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi gbẹ. Ṣíbí mẹ́rin ni Bólúwají nìkan mu. Ó pe onígi, ó ní kí ó má wá mọ́. Ó dìde, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ugi Yèyé láéláé, jíìpù òun yóò máa gba oòrùn.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Iléṣà. Lẹ́yìn náà ló ní, "O purọ́." Mo ní mo purọ́. Ó wá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó ní, "O ṣeun." Láti ọdún márùndínlógójì tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò dúpẹ́ irọ́ lọ́wọ́ mi rí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ lórí èjìká rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fáàrí títí ó fi sú àwọn ará Old Garage. Ọkọ mi ń múra sílẹ̀ de ọsàn tuntun. Ó ra aṣọ funfun tirẹ̀, ó ra agbada tirẹ̀, ó sì lẹ ìwé mọ́ agbada náà: MÁ GBO Ó. Mo ní ìwé náà ń bú mi. Ó ní àkíyèsí ìjọba ni. Ìgbàkígbà tó bá pe Bólúwají láti béèrè igi, Bólúwají á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ rí bí wọ́n ti ń wá. Gbogbo ìlú ló ń dúpẹ́." Inú wa ń dùn. Àwa méjèèjì kàwé, àwa méjèèjì kò sì bi ara wa léèrè pé kí ni gbogbo ìlú ń wá ṣe nídìí igi nígbà tí èso kò sí lórí rẹ̀.

Nígbà tí àkókò ọsàn tó, a mú àpò méjì, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀wàrà. A gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Igi àkọ́kọ́ ti gbẹ. Kò ku ewé kan lórí rẹ̀. Wọ́n ti wú egbò rẹ̀ nílẹ̀ yíká, ihò sì wà níbẹ̀. Èkejì ṣì dúró, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìhòòhò ló sì wà láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè dé. Wọ́n ti hó gbogbo èèpo rẹ̀. Ẹ̀kẹta nìkan ló ṣì ní èèpo díẹ̀ lókè, ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọsàn kéékèèké bíi mélòó kan ti gbẹ sórí ẹ̀ka. Kò sí ẹ̀rọ tó wọ ibẹ̀. Ìlú kan tó ń dúpẹ́ ló ṣe é, pẹ̀lú ọ̀bẹ ilé ìdáná.

Màmá Àpìkẹ́ wà nídìí ẹ̀kẹta, àdá wà lọ́wọ́ wọn, abọ́ sì wà nílẹ̀. Kò sí ọ̀pá. Wọ́n rí mi, ojú wọn tàn. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, máa bọ̀ kí n súre fún ẹ. Wo ẹsẹ̀ mi." Wọ́n rìn lọ sí ibi ògiri, wọ́n rìn padà, wọ́n tún fẹsẹ̀ jó díẹ̀ fún mi. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń mu ún, àwọn ń sùn, àwọn sì ń dìde. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò wo ẹsẹ̀ tèmi náà fún mi.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́. Mo fi Ọlọ́run búra pé mo fẹ́ sọ ọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí ọjà tí mò ń tà. Ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó rọra ní, "Ẹsẹ̀ ò ro wọ́n mọ́. Fi wọ́n sílẹ̀."

Màmá Àpìkẹ́ ní, "Silas, ó dáa tí o dé. Ìsàlẹ̀ ti tán, ọwọ́ mi ò tó òkè. Bá mi gé díẹ̀."

Ọkọ mi gbé àwọn àpò sílẹ̀. Ó gba àdá lọ́wọ́ wọn. Ó dúró díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara igi náà, ibi tí èèpo ṣì wà. Lẹ́yìn náà ló gé e, díẹ̀díẹ̀, tẹ̀lé ara wọn, ó ń tò ó sínú abọ́ fún wọn. Èmi dúró síbẹ̀, ojú ń tì mí. Èmi ni mo pa igi ìyá rẹ̀, òun ni wọ́n sì ní kí ó wá gé èyí tó kù. Ó bi wọ́n pé, "Ṣé ó tó, Màmá?" Wọ́n ní kí ó fi díẹ̀ kún un, ó sì fi kún un.